Olè Tó Jí Orúkọ Bàbá Ẹlẹ́ṣin

Bí ènìyàn bá fẹ́ kí Bàbá Ẹlẹ́ṣin pa iṣẹ́ tì kó sì máa rojọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò ju kó bi í pé, "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ ṣe ẹṣin yìí?" Kíá ni yóò gbé òòlù sílẹ̀, yóò gbọn eruku pákó kúrò ní irùngbọ̀n, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti orí igi àkọ́kọ́ tó gé láyé. Káfíńtà ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan ibùsùn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń kan àga. Òun ní tirẹ̀, ẹṣin onígi ló ń ṣe fáwọn ọmọdé, irú èyí tí ọmọ máa ń gùn nínú pálọ̀, tó ń mì síwá mì sẹ́yìn, tó ní ìrù tí wọ́n fi okùn ṣe, tí ojú rẹ̀ sì ń wo ènìyàn bíi pé ó mọ ohun tónítọ̀hún jẹ lánàá.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ẹṣin náà dára. Àgbàlagbà tó sanra ti jókòó lé e rí, igi ò ké, ìṣó ò yọ. Lábẹ́ ikùn ẹṣin kọ̀ọ̀kan ló máa ń fi irin gbígbóná tẹ àmì sí: orí ẹṣin kékeré kan, pẹ̀lú orúkọ tí àdúgbò fi ń pè é. Orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́ ti di ohun ìgbàgbé. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, àfi tínú bá ń bí i ló máa ń rántí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó yìí, ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Kì í ṣe aláriwo. Ṣùgbọ́n bó bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan tí o kò gbọ́, kò ní tún un sọ; yóò kàn káwọ́ gbera, yóò máa dúró de ìgbà tí ojú yóò tì ọ́. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó lọ forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ àti àmì orí ẹṣin yẹn sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba, kó lè jẹ́ pé ẹni tó bá lò ó láìgbàṣẹ, òfin ni yóò bá a fà á.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ta ni yóò jí orúkọ? Orúkọ ṣeé dì sápò ni? Gbogbo ayé ló mọ̀ mí."

"Gbogbo ayé wo? Láti ibí dé ìdí ọjà yẹn?"

"Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, ìyàwó mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni obìnrin náà wí. "Ti iwájú lolè náà máa ń wò." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ẹnìkan tún wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀, ìyẹn ni àbúrò ìyàwó, tí gbogbo ilé ń pè ní Pùròfẹ́sọ̀. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tó fún un lóyè náà. Ẹnu rẹ̀ ló fi jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó gbà pé òun mọ̀ jù. Òun ló ṣí péèjì fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nígbà kan. Ó gbé àwòrán àwọn ẹṣin síbẹ̀, ó sì gbé ti Bàbá Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ sí i, níbi tó ti gbé ọwọ́ lé ọrùn ẹṣin, tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín ẹnu rẹ̀ fi síta bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n. Lẹ́yìn náà, Pùròfẹ́sọ̀ kọ páswọ́ọ̀dù péèjì sórí bébà kan, ó fi bébà náà nu ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, ó sì jù ú nù. Bí péèjì ṣe di ahoro nìyẹn. Àwọn ènìyàn ń béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì wà láyé?"

Ìsinmi òpin ọdún ni ìkórè Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Ilé ìwé á ti palẹ̀mọ́, ọmọ á ti kún ilé, àwọn òbí tí wọn ò ráyè wojú ọmọ wọn láti ìgbà tọ́dún ti bẹ̀rẹ̀ á wá máa wá ohun tí wọn yóò fi tù wọ́n lójú. Ẹṣin onígi sì tóbi dáadáa fún irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bàbá Ẹlẹ́ṣin ti gbẹ́ ẹṣin kún ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbálẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tuntun, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó wá. Ó bú ìjọba. Ó bú ojú ọjọ́. Ó ní àwọn òbí òde òní ò nífẹ̀ẹ́ ọmọ mọ́.

Ó ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ àwọn òbí òde òní yìí nígbà tí ìyá àgbà kan wọlé láìkí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ẹṣin kan kalẹ̀ gbàgà lórí tábìlì iṣẹ́. Ẹṣin náà kò lẹ́sẹ̀ iwájú mọ́.

"Ìwọ ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin?"

"Èmi náà ni, Màmá." Ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n wá yin òun ni.

"Ojú ò tì ọ́! Ọmọ ọmọ mi ò tíì jókòó tán tí ẹṣin fi kúnlẹ̀. Ẹṣin kúnlẹ̀, ọmọ fẹnu gbálẹ̀, eyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù sì dá. Ṣé ẹṣin lo tà fún mi ni àbí ẹlẹ́bẹ̀?"

Bàbá Ẹlẹ́ṣin gbé ẹṣin náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Páálí ni. Páálí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn tí wọ́n fi ọ̀dà pupa bò. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́ tó gbọ́ ìròyìn búburú. Ó wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Àmì orí ẹṣin rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ dáadáa. Ó fi àtàńpàkò ra á. Yíǹkì ni. Orí ẹṣin bá àtàńpàkò lọ.

"Màmá, èmi kọ́ ni mo ṣe eléyìí."

"Ìwọ kọ́ kẹ̀?" Ìyá àgbà fa fóònù yọ nínú báàgì. "Ojú ta wá nìyí? Ojú mi ni?"

Ojú Bàbá Ẹlẹ́ṣin ni, pẹ̀lú eyín rẹ̀ gbogbo. Péèjì náà ń jẹ́ "Bàbá Ẹlẹ́ṣin Gidi". Gbogbo àwòrán ẹṣin tó wà níbẹ̀, òun ló gbẹ́ wọn. Wọ́n kọ ọ́ sójú péèjì gàdàgbà pé, "Ẹ̀dínwó ìsinmi! Ẹ tètè rà, ó ti fẹ́ tán!" Wọ́n tún kọ ìtàn ìdílé rẹ̀ sísàlẹ̀, pé láti ayé bàbá bàbá òun ni àwọn ti ń gbẹ́ ẹṣin. Bàbá bàbá rẹ̀, agboòrùn ló ń tún ṣe títí ó fi kú.

Ṣùgbọ́n èyí tó gún un lọ́kàn jù ni ìdáhùn tí péèjì yìí ń fún àwọn ènìyàn. Bí wọ́n bá ti béèrè báyìí ló ti dáhùn: "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ kú ìsinmi o. Àwọn ọmọ ń kọ́? Ẹ bá wa kí wọn." Bàbá Ẹlẹ́ṣin ò bi oníbàárà kankan léèrè ọmọ rẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ka péèjì náà láti òkè délẹ̀. Kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún yín." Ó kàn lọ sí ilé ìdáná, ó po tíì, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí ẹni tó ń tu aláìsàn nínú. Ìbá sàn kó bú u.

Pùròfẹ́sọ̀ ló wá gba ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì yìí, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ìta gbangba la ó ti tú u láṣìírí." Ó ṣí péèjì tuntun fún Bàbá Ẹlẹ́ṣin, ó gbé fóònù fún un, ó ní kó sọ tinú rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́ṣin lọ sórí péèjì olè, ó fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kọ ọ́ pé: OLÈ NI YÍN! ÈMI NI BÀBÁ ẸLẸ́ṢIN!

Ìdáhùn dé kó tó gbé tíì mì. "Oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ó dùn wá pé inú ń bí yín. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fáwọn gbájúẹ̀ tó ń fi orúkọ wa lu jìbìtì lásìkò ìsinmi yìí."

Làwọn ènìyàn bá bò ó. Ọ̀kan ní, "Àgbàyà, lọ wáṣẹ́ ṣe." Ọ̀kan ní, "Ẹni tó bá ni nǹkan kì í pariwo." Ọ̀kan tí Bàbá Ẹlẹ́ṣin fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ẹṣin fún àkọ́bí rẹ̀ kọ ọ́ pé, "Mo mọ Bàbá Ẹlẹ́ṣin dáadáa, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò lè sọ̀rọ̀ báyìí láéláé."

"Jẹ́jẹ́ kẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹni yẹn ò mọ̀ yín rárá."

Wọ́n fẹjọ́ sun ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, ìyẹn àwọn tó ń gba ènìyàn láàyè láti ní péèjì lọ́dọ̀ wọn. Pùròfẹ́sọ̀ kọ ẹ̀sùn gígùn, ó fi gírámà sí i. Èsì dé lójú ẹsẹ̀: wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì ti gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ. Ìgbésẹ̀ náà ni pé wọ́n ti péèjì tuntun pa, nítorí ó ń lo orúkọ àti àwòrán Bàbá Ẹlẹ́ṣin Gidi. Ẹjọ́ tí wọ́n dá ni pé Bàbá Ẹlẹ́ṣin jí ara rẹ̀ gbé.

"Ṣé kò sí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kankan níbẹ̀ tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ni?"

Pùròfẹ́sọ̀ tún tẹ nǹkan. "Wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ wà nísinmi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ló ń dáhùn."

Wọ́n pe lọ́yà. Ariwo omi òkun ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni lọ́yà wá sọ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo gan-an, ó sì yẹ kí wọ́n mójú tó o kíákíá, kí wọ́n jọ̀ọ́ pe òun lẹ́yìn ìsinmi. Ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin bá wọ bàtà, ó dá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tó wà lórí káńtà fa bírò yọ.

"Kí ni wọ́n jí, Bàbá?"

"Orúkọ mi ni."

Ọlọ́pàá wò ó. "Kí lorúkọ yín?"

"Bàbá Ẹlẹ́ṣin."

"Ẹ ò wá rí i? Ó ṣì wà lẹ́nu yín." Ó dé bírò rẹ̀ padà. "Tó bá sọnù pátápátá, kẹ́ ẹ wá fi tó wa létí."

Ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sáàárín àwọn ẹṣin tí kò rí ẹni gùn wọ́n. Títà àti àìtà kọ́ ló ń dùn ún mọ́. Ohun tó ń rò ni pé ibì kan wà tí àwọn ọmọ ti ń ṣubú, tí wọ́n ń sunkún, tí àwọn ìyá wọn sì ń fi orúkọ òun ṣépè. Ọwọ́ tó fi ń fa sáńpépà sórí igi títí yóò fi dán kí ẹ̀gún má baà gún ọmọ ọlọ́mọ, ọwọ́ náà ló ń wò.

Ìyàwó rẹ̀ wọlé bá a. "Ó tó. Láti òní lọ, ẹni tó bá ti gbé ẹṣin páálí wá, ẹ fún un lága, ẹ fún un lómi tútù, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀."

"Kí n fún ẹni tó ń bú mi lómi?"

"Ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ."

Wọ́n wá lóòótọ́. Bàbá kan wá, àwọn ìbejì rẹ̀ jọ gun ẹṣin kan, wọ́n sì jọ bá a wólẹ̀; ẹṣin kejì ṣì wà nílé, ó ní òun ò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Olùkọ́ kan wá tí ìrù ẹṣin tirẹ̀ yọ mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì bú Bàbá Ẹlẹ́ṣin tán, tó mu omi tán, ìyàwó rẹ̀ á ní kó jókòó lé ẹṣin gidi wò. Ìyá àgbà àkọ́kọ́ yẹn padà wá, ó jókòó lé ọ̀kan, ó mì síwá, ó mì sẹ́yìn, ó sì ṣe é pẹ́ ju ẹni tó kàn ń yẹ ọjà wò lọ. Ìgbà tó sọ̀kalẹ̀, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. "Lóòótọ́ ni," ló wí. "Ìwọ kọ́."

Ọjọ́ mélòó kan kí ìsinmi tó parí, fóònù Bàbá Ẹlẹ́ṣin dún ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó rẹ̀ àti Pùròfẹ́sọ̀ wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá káfíńtà," ni ohùn ọkùnrin kan wí, ohùn tó dùn bí oyin. "Ẹni tó ń ta pákó fún yín ló fún mi ní nọ́ńbà yín. Ó ní ọwọ́ yín mọ́. Obìnrin kan tó ní ilé ìwé ọmọdé fẹ́ gba ẹṣin onígi lọ́wọ́ mi, ẹṣin tó pọ̀. Ó ní òun á fi òòlù gbá a wò kí òun tó gbà á. Ṣé ẹ lè ṣe irú ti Bàbá Ẹlẹ́ṣin?"

Bàbá Ẹlẹ́ṣin wo ìyàwó rẹ̀. "Irú tiẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kó ṣáà ti jọ ọ́. Kò pọn dandan kó dára tó tiẹ̀."

"Ta ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin?"

"Èmi náà ni," ni ohùn náà wí, kò sì wúkọ́.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin di òòlù mú gírí. Ìyàwó rẹ̀ rọra tú ìka rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó gba òòlù náà, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Níbo la ó ti pàdé?" ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin béèrè.

"Ẹ jẹ́ kó di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá wọṣẹ́ padà. Ẹ wá bá mi ní ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ okòwò sílẹ̀. Mo fẹ́ lọ fi tiwa sílẹ̀ ni. Ẹ mọ̀ pé olè pọ̀ lóde. Wèrè kan tiẹ̀ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo pé òun ni èmi."

Nígbà tó pa fóònù, kò sẹ́ni tó lè rẹ́rìn-ín. Bí ọkùnrin yìí bá fi dé ojú fèrèsé ọ́fíìsì yẹn ṣáájú, òun lòfin yóò mọ̀ sí Bàbá Ẹlẹ́ṣin. Àmì tó wà lẹ́nu irin Bàbá Ẹlẹ́ṣin yóò di ohun tí yóò máa tọrọ lọ́wọ́ olè kó tó lè tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ikùn ẹṣin ara rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká wọ inú kọ̀ǹpútà ìjọba," ni Pùròfẹ́sọ̀ dá a lábàá. "Ká ti kọ orúkọ Ẹ̀gbọ́n síbẹ̀ kí wọ́n tó ti ìsinmi dé."

Ìyàwó Bàbá Ẹlẹ́ṣin wò ó. "Ìwọ tó ò lè wọ péèjì tó o fọwọ́ ara rẹ ṣí?" Ó gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn tó gbé ẹṣin páálí wá, tí wọ́n ti gba nọ́ńbà wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìwọṣẹ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì náà ti kún. Àwọn òṣìṣẹ́ ti dé, ṣùgbọ́n fèrèsé ṣì wà ní títì, nítorí wọ́n ń kí ara wọn. A ń gbọ́ wọn nínú lọ́hùn-ún: "Ẹ kú ìsinmi o!" "Ẹ kú àtibọ̀!" "Ẹ mà sanra sí i!" Nígbà tí Bàbá Ẹlẹ́ṣin fi dé, èrò ti tò dé ẹnu ilẹ̀kùn. Kò mọ ojú olè rẹ̀. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì fetí sílẹ̀. Fóònù dún nínú àpò súùtù aláwọ̀ eérú kan nítòsí fèrèsé. Ọkùnrin tó wọ súùtù náà sanra, ó gé irun rẹ̀ dáadáa, ó gbá fáìlì mọ́ abíyá.

"Hẹ́lò? Ọ̀gá káfíńtà, ṣé ẹ ti dé?"

"Ẹ wẹ̀yìn."

Onísúùtù yíjú padà. Ojú tó ti lẹ̀ mọ́ ìpolówó láìmọye ìgbà ló ń wò yìí, àmọ́ ojú náà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yìí.

"Ẹ... ẹ jọ ẹnìkan."

"Wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà náà làwọn tó kù wọlé. Ìyá àgbà ló ṣáájú, ó gbé ẹṣin aláìlẹ́sẹ̀ mọ́yà. Olùkọ́ tẹ̀ lé e, ó mú ìrù lọ́wọ́ kan, ó mú ẹṣin lọ́wọ́ kejì. Bàbá ìbejì gbé ẹṣin tí kò tíì fọ́ sórí. Ẹlòmíràn gbé orí nìkan wá. Ọkùnrin kan tó tò síbẹ̀ bi ẹnìkejì rẹ̀ bóyá ibi tí wọ́n ti ń tún ẹṣin ṣe ni òun ṣì wá.

Onísúùtù rí wọn, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ṣùgbọ́n olóhùn oyin ni. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí oníwàásù. "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣe sùúrù. Kí ni mo jí? Ṣebí mo polówó Bàbá yìí lọ́fẹ̀ẹ́ ni! Ta ló mọ̀ ọ́n kí n tó gbé e dìde? Ẹ bi í, ìgbà wo ló dáhùn ìbéèrè oníbàárà kan rí? Èmi ń dáhùn yín. Èmi ń bi yín léèrè àwọn ọmọ!"

"Ìyẹn jẹ́ òótọ́ ṣá," ni bàbá ìbejì wí, ó sì tún ń mi orí. Ìyàwó Bàbá Ẹlẹ́ṣin wò ó. Ó bá tún ẹṣin orí rẹ̀ gbé.

"O máa ń dáhùn ìbéèrè," ni ìyá àgbà wí. "Ó dára bẹ́ẹ̀." Ó gba ẹṣin tí kò tíì fọ́ lórí bàbá ìbejì, ó gbé e kalẹ̀ sẹ́yìn Onísúùtù. "Ṣé ẹṣin lèyí àbí ẹṣin kọ́? Gùn ún."

Àsìkò yẹn gan-an ni fèrèsé ṣí. "Ta ló kàn?" ni akọ̀wé béèrè. Onísúùtù fẹ́ fò síwájú. Àwọn èrò ti sún mọ́ra wọn, kò ríbi gbà. Ó fẹ́ fẹ̀yìn rìn jáde, ẹṣin gbé e lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó lé e gbì. Ẹṣin kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà gba orí rẹ̀ kọjá, súùtù ya láti ẹ̀yìn dé ìdí, fáìlì fò, fọ́tò Bàbá Ẹlẹ́ṣin sì fọ́n ká ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò tíì rí iṣẹ́ ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti gbà á, sáré wá, ó di ìwọ̀nba súùtù tó kù mú.

Ọlọ́pàá tí wọ́n pè, ọlọ́pàá orí káńtà náà ni. Ó wo ilẹ̀, ó wo àwọn ẹṣin, ó wá wo Bàbá Ẹlẹ́ṣin. "Ẹ̀n-ẹ́n, Bàbá. Ẹ ti rí orúkọ yín?"

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé wọ́n wá fi ìdùnnú forúkọ sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà, onítọ̀hún ò dé ọ́fíìsì ìjọba rí. Nígbà tó kàn án, akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀rí wo lẹ ní pé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Bàbá Ẹlẹ́ṣin?"

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà ń lu káńtà.

"Ariwo kì í ṣe ẹ̀rí," ni akọ̀wé wí. "Ẹ lọ mú fọ́tò wá."

Ìyàwó Bàbá Ẹlẹ́ṣin bẹ̀rẹ̀, ó ṣa fọ́tò nílẹ̀, ó nu eruku rẹ̀. Akọ̀wé gbà á, ó wò ó, ó ní kò dáa kí ènìyàn rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò ìjọba. Wọ́n ní kí wọ́n lọ ya òmíràn. Ìgbà tí wọ́n ya òmíràn dé, fèrèsé ti tì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ, kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀ sórí ìwé. Bàbá Ẹlẹ́ṣin gbé ìwé náà kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọlọ́gbọ́n kì í fi irú nǹkan báyẹn falẹ̀.

Lọ́yà dé láti etíkun, ara rẹ̀ dán. Ó fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà, wọ́n sì ti péèjì olè pa. Wọ́n fi ìdúpẹ́ ṣọwọ́ sí Bàbá Ẹlẹ́ṣin nítorí sùúrù rẹ̀. Obìnrin onílé ìwé ọmọdé gbọ́ ìròyìn, ó gbé òòlù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbá ẹṣin kan lórí, ó gbá a ní ìbàdí. Nígbà tọ́wọ́ rẹ̀ dùn ún tó, ó kó gbogbo ẹṣin tó wà níbẹ̀.

Ní ti Onísúùtù, wọ́n gba ìdúró rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹjọ́ ṣì ń bọ̀ wá. Kí ọjọ́ ẹjọ́ tó dé, a gbọ́ pé ó ti yá gbọ̀ngàn kan, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo orúkọ okòwò wọn lọ́wọ́ àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìjókòó kún. Pùròfẹ́sọ̀ wà níwájú. Ó ní ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀, pé ó hàn pé ọkùnrin náà mọ ohun tó ń sọ.

Péèjì tuntun ti Bàbá Ẹlẹ́ṣin wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sì wà nínú orí ìyàwó rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń béèrè ọ̀rọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, obìnrin náà sì ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹun alẹ́ á kọ́kọ́ dá gbogbo wọn lóhùn. Ni Bàbá Ẹlẹ́ṣin yóò bá jókòó, yóò gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, yóò máa fi ìka kan tẹ fóònù bí ẹni ń kan ìṣó. Àìpẹ́ yìí ni ẹnìkan kọ ọ́ sí i pé òun ti ń dúró de èsì látàárọ̀, àti pé ká sọ tòótọ́, péèjì ti tẹ́lẹ̀ yẹn máa ń yá jù báyìí lọ, ó sì mọ èèyàn kí.

Bàbá Ẹlẹ́ṣin ka ọ̀rọ̀ náà, ó tún un kà. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó kọ nǹkan kan, ìyàwó rẹ̀ na ọrùn wò ó, ó ní kó pa á rẹ́. Ó pa á rẹ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Oníbàárà wa ọ̀wọ́n," ló wá kọ, ó sì di eyín pọ̀. "Àwọn ọmọ ń kọ́?"